Ìyàwó Tó Gbé Ilé Dání

Ìyàwó a máa lọ sílé ọkọ, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Edelmira Guenel, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin,
ló kọ́kọ́ bi wá pé: ṣé ilé ò lè bá ìyàwó lọ ni?

Ìyẹn ní Chiloé, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè,
tí a fi pákó kọ́ ilé, tí a tún fi pákó bò ó lára bí ìpẹ́ ẹja.
Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Èmi ni mo di okùn màlúù pupa mú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.
Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, Baldovino Barría tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá.
Bàbá wo etí òkun, ó rí ọkọ̀ Baldovino tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀,
ihò tí ológbò lè gbà kọjá wà nídìí rẹ̀.
Ó ní, "Ẹni tí kò ní ọkọ̀, ṣé ó lè jẹ́ ọkọ?"
Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń tún un sọ títí ó fi kú.

Baldovino gba gúúsù lọ, ó lọ ń rẹ́ irun àgùntàn.
Edelmira fẹ́ ẹlòmíràn. Èèyàn dáadáa ni, kò sẹ́ni tó bú u.
Ó bímọ mẹ́ta, ó sin ọkọ, ó kọ́ bí a ti ń dá jẹun.

Lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé mẹ́fà, ọkùnrin náà dé,
tòun ti orúnkún kan tí ń dún bí ilẹ̀kùn.
Ó tẹ̀dó sí erékùṣù tó kọjú sí wa.
Kò wí nǹkan kan. Ó fi àpò ọ̀dùnkún kan ránṣẹ́.
Edelmira dá àpò padà, ìbọ̀sẹ̀ tó fọwọ́ hun ló wà nínú rẹ̀.
Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì.

Nígbà tí Baldovino ní kó máa bọ̀, ó ní:
"N ó wá. Ṣùgbọ́n ilé yìí ni wọ́n ti bí mi, ibẹ̀ ni mo ti bímọ.
N kò ní fi í sílẹ̀ fún òjò bí ajá tí olówó rẹ̀ kú."
Àwọn ọmọ pè é lórí fóònù: "Màmá, ní ọjọ́ orí yín?"
Ó ní ọjọ́ orí òun kọ́ ni yóò fa ilé, màlúù ni.

Màlúù mẹ́rìndínlógún. Ìtì igi lábẹ́ ilé.
Gbogbo abúlé ló wá; a kì í gbowó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ là ń jẹ.
Ilé ké. Ilé mì. Ilé gbéra.
Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè bí arúgbó tó wọ bàtà tuntun.
Ológbò kọ̀, kò jáde,
ó jókòó sójú fèrèsé, ó ń wò wá bí ẹni tó ti san owó ọkọ̀.

Omi kún lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. A so àgbá òfìfo mọ́ ilé, ọkọ̀ mẹ́ta fà á.
Ó léfòó.
Ìgbà náà la tó rí èéfín lórí òrùlé:
Edelmira kò pa iná ìdáná.

Òkun mú pákó kan lọ lára ògiri. Baldovino wọ inú koríko,
ó yọ pákó búlúù kan lára ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, ó kàn án mọ́ ibẹ̀.
Lọ́jọ́ Àìkú, aṣọ ìgbéyàwó ìyá rẹ̀ ni Edelmira wọ̀,
wọ́n tú ìbàdí rẹ̀, wọ́n fi aṣọ tábìlì lẹ̀ ẹ́.
Àlùfáà pẹ́ dé; ìgbì ló dá a dúró.

Ilẹ̀kùn ilé kọjú sódì, ibi tó ti wá ló ń wò.
A ní ká pe àwọn màlúù padà. Ó ní ká fi í sílẹ̀.
Pákó búlúù yẹn sì ń jò títí dòní, bí bàbá ti wí.
Abọ́ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀.
Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe.